Ìkíni Ọdún Mọ́kànlá

"Ẹ má kíra yín níta! Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, mo ní kí ẹ pa ẹnu yín dé!"

Alága Gbọ́lágadé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń sáré jáde láti gbọ̀ngán káńsù, tí agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí àgọ́ tí ìjì fà tu. Àwọn bàbá méjì kan ló pàdé nídìí táǹkì omi, wọn ò tíì fojú kanra láti ìgbà ìkórè tó kọjá. Ọ̀kan ti na ọwọ́, èkejì ti la ẹnu pé kóun sọ pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alága fi ọwọ́ ọ̀tún bo ẹnu ọ̀kan, ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu èkejì, ó sì wọ́ àwọn méjèèjì wọlé bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ aládùúgbò.

Nígbà tí wọ́n dé àárín gbọ̀ngán, ó tú wọn sílẹ̀. "Ó yá, ẹ kíra yín níbí. Kó dún dáadáa."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá Sùpọ̀."

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú o. Ilé ńkọ́?"

Lókè àjà, nǹkan dúdú roboto kan tó tóbi tó àtẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà tan iná aláwọ̀ ewé. Etí ni wọ́n ń pè é. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú rédíò láìrí Yorùbá kankan rí: "Mo gbọ́. Oṣù méje. Àmì mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá péré!" Alága jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀.

Láti ìdí tábìlì rẹ̀ ni Àwẹ̀ró Olóyèdé ti ń wò wọ́n. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin yìí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá pín in fún ìlú mẹ́ta, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn àkùkọ wọn náà ò sì ní jí kọ. Ìyẹ̀fun funfun kan já láti òkè, ó bọ́ sínú tíì rẹ̀. Ó fi ṣíbí rò ó pọ̀, ó mu ún. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń mu ògiri mọ́ tíì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ni Ajókòó-sábẹ́ káńsù Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Ẹni tí òfin bá ní kó máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù pé ilé ìjọba dára, abẹ́ ibi tó burú jù nínú ilé náà ni òfin ọ̀hún ní kó gbé tábìlì rẹ̀ sí. Láàárín ọdún kan yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Àwẹ̀ró ti wọ́ tábìlì káàkiri gbọ̀ngán, ó ń tẹ̀lé ibi tí òkè ń sán dé bí ẹni ń tẹ̀lé ejò. Ní báyìí, ìlà tó sán lókè náà ti fẹ̀ débi pé alángbá méjì ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ti ń wá ilé tiwọn.

"Mọ̀mí." Alága ti dìde, ó ti dé ìdí tábìlì. Kò dúró sábẹ́ ìlà náà, ẹ̀gbẹ́ ló dúró sí. "Agogo mẹ́wàá ti kọjá. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àmì, ọ̀sán gangan sì ni oṣù máa parí. Ará ìlú ti kíra wọn tán! Mo ní kí àwọn ìbejì Ilé Alágbẹ̀dẹ kíra wọn, Etí ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé ìkíni àná ni. Èmi fúnra mi lọ pe ìyá ìyàwó mi àtijọ́ wá, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹ mọ̀ pé èpè ló fi dá mi lóhùn?"

"Ṣé Etí ka èpè náà?"

"Ó ní èsì ni èsì ń jẹ́. Àmì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Rísì akọ̀wé, tó jókòó sí tábìlì kejì, fi gèlè bo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ṣòfin ní olú-ìlú sọ pé ilé ìjọba tí èèyàn kò bá ti ń pàdé èèyàn níbẹ̀, òkú ilé ni, ìjọba kò sì ní fi owó rẹ̀ tún òkú ilé ṣe. Ìkíni tó bá rí èsì nínú ilé náà ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilé ṣì wà láàyè, òun ló ń mú simẹ́ńtì wá, òun ló ń mú páànù àti irin wá. Bí àwọn méjì bá sì ti pẹ́ tó tí wọn ò kíra wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni wọn ṣe máa níye lórí tó, bí ọdún bá sì ń gorí ọdún, iye náà á máa pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Wọn ò mọ irú àwọn èèyàn tí wọ́n ń bá ṣeré. Kí oṣù tó pé, tọkọtaya Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ò kíra wọn nílé mọ́. Ọkùnrin á jí, á fojú bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ọjọ́ ìparí oṣù kí wọ́n tó wọṣọ, kí wọ́n jọ wá sí káńsù wá sọ pé ẹ káàárọ̀. Ìyá kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tọ́jú ìkíni ọmọ rẹ̀ fọ́dún méjì bí ẹni tọ́jú iṣu ẹ̀bù. Ọjọ́ tó wá ná an, òun nìkan ló ra páànù tí wọ́n fi bo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ káńsù.

Ṣùgbọ́n ìlú ti ń tán. Oòrùn ti lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí etí òkun, àwọn tó kù sì ti kíra wọn gbó.

"Ó ku ìkíni ẹyọ kan," Alága wí, ó ń wo ilẹ̀. "Gbogbo ìlú ló ti ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àmì. Mo ti ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Sàlákọ́."

Àwọn èèyàn bí ọgọ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ṣe bí ẹni pé káàdì omi ni wọ́n wá gbà, yí ojú sí Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ránṣẹ́ pe ta ni?"

"Mọ̀mí, ẹ dákun. Tí àmì ò bá pé, ọ̀la ni wọ́n máa so wá mọ́ káńsù Ìdí-Ìrókò. Ọjọ́ méjì lẹsẹ̀ ń rìn débẹ̀ nínú iná tó ń jó lókè yìí. Ọmọ tí wọ́n bá bí, ta ló máa gbé e lọ síbẹ̀ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ọmọ tí kò sí nínú ìwé kò ní káàdì, táǹkì yẹn ò sì ní kán omi kan sẹ́nu ẹni tí kò ní káàdì. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Àwẹ̀ró mọ̀. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú ọmọ òun náà nílé.

Ó sì mọ Sàlákọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé yìí kan náà wó pa Ìbíwùmí, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tó tò sórí ìlà láti gba káàdì. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni Ẹnjiníà Sàlákọ́ ti fọwọ́ sí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lè gbé erin mẹ́wàá. Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀, ó búra pé òun gun àkàbà, òun yẹ ẹ́ wò dáadáa, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣòfin Ajókòó-sábẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa gba ipò náà. Gbogbo ìlú sá. Àwẹ̀ró ló ní kí wọ́n fún òun, torí kò gbà pé ẹlòmíì á wòkè dáadáa.

Lọ́dún àkọ́kọ́, Sàlákọ́ máa ń kí i lójú pópó, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ooru. Gbogbo ìkíni tó wà nílẹ̀ Yorùbá ló gbé wá, àfi ọ̀kan. Àwẹ̀ró á kọjá bí ẹni kọjá lára òpó. Nígbà tó yá, ó sú bàbá náà, òun náà dákẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bára wọn yodì, tí ìlú sì ń wo yodì náà bí oko kòkó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ká.

Kò pẹ́ tí Sàlákọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbẹ débi pé tó bá dúró ti òpó iná, òpó iná nìkan ló máa ní òjìji. Ó wọ kóòtù tó ti ń wọ̀ láti ayé àtijọ́, ó dé fìlà. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wolẹ̀.

"Ó yá!" Alága pàtẹ́wọ́. "Àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ kan ní ẹ káàárọ̀ sà, kí bàbá ní káàárọ̀ o, ó parí, a ti rí simẹ́ńtì gbà. Mi ò ní kí ẹ jọ lọ jẹun."

Àwẹ̀ró ò wo Sàlákọ́. "Rísì."

"Mà?"

"Bá mi sọ fún ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn pé kó tó di pé ẹnikẹ́ni kí ẹnikẹ́ni, kó wá gun orí tábìlì mi, kó wòkè."

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Rísì dìde, ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ wá gun orí tábìlì, kí ẹ wòkè."

"Mo gbọ́," ni Sàlákọ́ wí. "Sọ fún wọn pé mi ò ní ìwé àṣẹ mọ́."

"Àǹtí, wọ́n ní àwọn ò ní ìwé àṣẹ mọ́."

"Sọ fún un pé ojú ni mo ní kó mú wá, mi ò béèrè ìwé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi bẹ́ǹṣì. Sàlákọ́ kò dúró kí Rísì tún un sọ. Ó bọ́ bàtà, ó gun àga, ó ti orí àga gun orí tábìlì, eegun rẹ̀ ń ró bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó fi ń kan òkè, ó sì gbé etí sún mọ́ ọn. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó sún díẹ̀. Pò. Ó tún kàn án. Pò, pò. Ó ti ìka bọ inú ìlà náà, àwọn alángbá sá jáde, ọwọ́ náà sì wọlé títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó fà á jáde, nǹkan pupa kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Rísì," ó wí láti orí tábìlì, "sọ fún wọn pé kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Ìpáàrà ló kù. Simẹ́ńtì tí ẹ bá fi rẹ́ ẹ, ẹ ń fi kún ẹrù tó máa já lulẹ̀ ni."

Rísì wòkè.

"Ìgbà wo ló máa wó?" Alága béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó lè má dúró kí n sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá mú èèyàn ọgọ́ta kúrò lábẹ́ rẹ̀, mo máa lè mí."

Kò sẹ́ni tó mira. Sàlákọ́ náà ò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ pupa, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè.

"Rísì, sọ fún wọn pé mo fẹ́ sọ nǹkan kan sí i. Sọ fún wọn pé lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí. Ilé mẹ́tàdínlógún ni mo ti wò láti ìdájí. Tìyín ló ṣe ìkejìdínlógún. Wọ́n gbé àkàbà wá, mo wò ó, ó ga lójú mi. Mo dúró nísàlẹ̀, mo wòkè, mo fọwọ́ sí i. Mi ò gun àkàbà kankan. Irọ́ ni mo pa fún ìgbìmọ̀."

Rísì ti ń sunkún. "Àǹtí, wọ́n ní..."

"Mo gbọ́, Rísì. Jókòó."

Ọdún mọ́kànlá ni Àwẹ̀ró fi ń ro ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí bá jẹ́wọ́. Ó ti rò ó pé òun máa gbá a létí, pé òun máa pariwo tí wọ́n á fi gbọ́ ọ dé òkun. Ọjọ́ náà dé, ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ kò ju àárọ̀ yìí lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti dúró níwájú àwo irin tó wà lára ògiri, ibi tí Ajókòó-sábẹ́ ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé. Ó ti wo ìlà òkè, ó ti wo agogo, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé oṣù kan sí i kò lè pa èèyàn, pé ó rẹ òun, pé tí àwọn kan bá ti kíra wọn tán kí òun ṣáà fọwọ́ lé e, kí òun lọ sùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu Sàlákọ́ bí ẹni pé láti inú òun ni bàbá náà ti jí i gbé.

Ó dìde.

"Mọ̀mí." Alága ti rí ojú rẹ̀. Ó rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá, fìlà, gbogbo rẹ̀, níwájú àwọn tó dìbò fún un. "Ẹ kí i ná. Ẹ fọwọ́ lé e pé ó dára. Tí simẹ́ńtì bá dé, mo máa tà á, mo máa fi kọ́ ilé mìíràn, mo máa lọ sẹ́wọ̀n tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo máa gbé tábìlì tèmi ti tiyín lábẹ́ ibẹ̀ títí á fi parí. Mo fi ìyá mi búra!"

Kò purọ́. Àwẹ̀ró mọ̀ pé kò purọ́, ìyẹn ló mú kó ṣòro.

"Alága, ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Tí mo bá ní ó dára, lọ́la ni wọ́n tún máa tò síbí gba káàdì. Ẹ̀yin lè jókòó tì mí. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Tábìlì mélòó la máa gbé?"

Ó rìn dé ibi àwo irin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Iná Etí yí padà di pupa.

"Ajókòó-sábẹ́," ni Etí wí, "ṣé ilé dára?"

"Kò dára."

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé ilé dára?"

"Mo ní kò dára. Ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí gbogbo èèyàn jáde."

Etí ṣe bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ́ ọ nínú rédíò. "Mo gbọ́," ó wí. "Ó dàbọ̀."

"Ó dàbọ̀ o," Rísì dá a lóhùn, kó tó rántí pé ẹ̀rọ ni. Iná náà kú.

Wọ́n jáde. Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ kì í sá lọ́wọ́ òfo: ẹni tó gbé bẹ́ǹṣì gbé bẹ́ǹṣì, ẹni tó tú fèrèsé tú fèrèsé. Ìyá arúgbó kan tí kò lè gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn ru kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan sórí láìfi ọwọ́ dì í mú. Àwẹ̀ró ló jáde kẹ́yìn. Ó wo ẹ̀yìn gbogbo ilẹ̀kùn, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu ọ̀nà, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn padà sínú.

Níta, oòrùn ń mú débi pé àwọn ẹyẹ ń fẹsẹ̀ rìn. Ogunlọ́gọ̀ dúró láìmọ ibi tí wọ́n máa lọ. Àwọn kan ń wo Àwẹ̀ró bí ẹni wo olè, ọ̀kan sọ ọ́ sókè pé obìnrin yìí ti fi òùngbẹ pa ọmọ gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú wọn.

Sàlákọ́ ti jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé jáde. Ó ń fi eteetí kóòtù nu ìpáàrà kúrò lọ́wọ́, kò sì lọ. Àwẹ̀ró rìn lọ bá a. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, orúnkún kan lákọ̀ọ́kọ́, ìkejì tẹ̀lé e, sórí iyanrìn tó ń jó.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Níta kẹ̀?" Alága fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àmì! Sínú afẹ́fẹ́! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo nǹkan!"

Sàlákọ́ dìde, ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba níwájú obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó wí. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù Ìbíwùmí."

Àwẹ̀ró wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń wo iyanrìn.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó dé," ó wí.

"Ó pẹ́."

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "Ẹ sún díẹ̀, sà," ó wí. "Ó rẹ̀ mí."

Sàlákọ́ padà jókòó, ó sún dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Àwẹ̀ró jókòó tì í.